Orúkọ Tí Mo Fò Lẹ́nu Maikirofóònù

Àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Kabba lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyí: èmi Florence, Morónkẹ́ ọmọ mi, Dáníẹ́lì ọmọ àbúrò bàbá mi, Boaz tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn, àti ẹbí bí ọgọ́ta lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan tún wà níbẹ̀. Màá dé orí rẹ̀.

Lọ́dọọdún, èmi ni mo máa ń pe orúkọ àwọn òkú ìdílé wa, láìwo ìwé. Lọ́dún yẹn, Dáníẹ́lì fẹ́ gba iṣẹ́ náà.

"Màmá Morónkẹ́, bí ẹ bá fo ẹyọ orúkọ kan péré, ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún mi o."

"Ìwọ tí o gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó ara rẹ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Boaz ṣẹ̀ṣẹ̀ de maikirofóònù tuntun mọ́ àga ìwàásù ni, irú èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn, tó ṣeé tẹ̀ síbi tí ẹnu bá wà. Ọrùn náà le. Ọwọ́ méjèèjì ló fi tẹ̀ ẹ́ wá sí ẹnu mi.

Mo pe orúkọ mọ́kàndínlógójì. N kò kọsẹ̀. Bí mo ṣe pe èyí tó kẹ́yìn, ọrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró níbi tí ẹnu ọmọ ọdún méje máa ń wà. Mo gbé e dìde. Ó tún tẹ̀.

Sípíkà wá ń mí: èémí kúkúrú-kúkúrú, bíi ti ọmọ tó sáré wá.

Boaz fa wáyà yọ. Èémí náà kò dúró.

"Màmá, kò sí iná lára rẹ̀ mọ́," ló sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo mọ ẹni tó dé. Ọmọ ọdún méje ni Zipporah, àbúrò mi, nígbà tó kú. Nílé wa, a kì í pe orúkọ ọmọ tó kú ṣáájú òbí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òbí náà bá wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó ti pé ogún ọdún tí àwọn òbí wa ti kú. Mo gbàgbé láti fi í kún un lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí mo rántí, ìgbéraga kò jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Dáníẹ́lì tẹjú mọ́ mi. Mo na ẹ̀yìn mi, mo pè é ketekete: "Zipporah."

Ohùn ọmọdé kí mi nínú sípíkà, bí a ṣe ń kí ara wa ní Kabba: "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọrùn náà dìde padà sí ẹnu mi.

Dáníẹ́lì ti dé ẹnu ọ̀nà. "Màmá Morónkẹ́, iṣẹ́ yín ni. Ẹ máa bá a lọ."

Ayọ̀kẹ́mi, ọmọ Morónkẹ́, ìwọ ló kàn láti máa pe orúkọ wọn. Zipporah ni kí o kọ́kọ́ pè. Bí ọrùn náà bá sì tún tẹ̀ lẹ́yìn tí o ti pe gbogbo wọn tán, má fọwọ́ gbé e. Kí ẹni náà ní okun, kí o sì béèrè orúkọ rẹ̀.