Orúkọ Natsuho Lórí Ìwé Ìbẹ̀wò

Ní oṣù kọkànlá, Sunada wọ ọ́fíìsì wa ní ìlú Toyama, ó gbọn òjò kúrò lára, ó sì sọ fún mi pé obìnrin tó wà ní ilé kejìlá lórí ìwé ìbẹ̀wò òun ti lo oògùn ibà inú àpótí rẹ̀ tán pátápátá.

"Mo ti fi òmíràn sí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé yìí, ìrìn lẹ fẹ́ fi pa mí. Ẹ ní kí n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí etí òkun, kí n tún padà gun òkè. Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé kejìlá: Mizushima Natsuho, Namerikawa.

Ọmọ mi ni Natsuho. Ó ti tó ọdún méjì tó ti kú.

Ilé-iṣẹ́ wa máa ń gbé àpótí oògùn sílé àwọn oníbàárà. Èyí tí wọ́n bá lò níbẹ̀, àwọn olùbẹ̀wò bíi Sunada á lọ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èmi ni mo ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà tó ń tẹ orúkọ àwọn tí wọ́n máa bẹ̀ wò lóṣooṣù. Èmi àti Natsuho la jọ ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tábìlì wa dojú kọra. Nígbà tó kú, ó yẹ kí n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú fáìlì àwọn oníbàárà. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ó di ọ̀la.

Sunada kò mọ ọmọ mi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó débi iṣẹ́.

"Báwo ni obìnrin náà ṣe rí?" mo bi í.

"Bí ẹni tí kò rí oorun sùn. Ó ní àmì dúdú kékeré kan lábẹ́ etí òsì. Ó pọn ọmọ. Ọmọ náà lara rẹ̀ ń gbóná."

Natsuho ní àmì yẹn. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí ibà pa á. Ó pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní, "Màmá, ara mi gbóná." Iṣẹ́ ìparí oṣù wà níwájú mi. Mo ní kó bora, kó sùn, mà á wá lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì tí Sunada sọ̀rọ̀ yẹn, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Namerikawa. Kò tíì sẹ́ni tó gba ilé náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Eruku bo gbogbo nǹkan, ó bo orí àpótí oògùn náà pẹ̀lú, kò sì sí ìka ọwọ́ ẹnì kankan lára eruku ọ̀hún. Mo ṣí àpótí náà. Oògùn ibà tuntun wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ Sunada àti déètì àná wà lára rẹ̀.

Mo padà sídìí iṣẹ́ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ètò méjì ló wà. Tèmi ń ka fáìlì oníbàárà ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ déètì sí i. Ti Natsuho kéré, ara fáìlì náà ló ń sùn sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yí nǹkan padà níbẹ̀, á jí fúnra rẹ̀, á wò ó bóyá ẹbí náà ní àpótí míràn. Tẹ́lẹ̀, oníkálukú ló ń ṣí fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù tó ṣáájú, nígbà tí ewé ń wọ́, mo fẹ́ kí iṣẹ́ yá, mo bá ní kí àwọn méjèèjì máa fi ojú kan náà kà á. Ó wá dà bí èèyàn méjì tó ń ka ìwé kan, tó jẹ́ pé òwú kan ṣoṣo ni wọ́n jọ fi ń sàmì síbi tí wọ́n kà dé. Bí ti Natsuho bá jí, á gbé òwú náà lọ síbòmíràn. Bí tèmi bá padà, ibi tó bá òwú ni yóò ti máa kà lọ, á sì fo ẹni tó kàn.

Ilé ti ara rẹ̀ ni Natsuho fi dán ètò rẹ̀ wò nígbà tó ń kọ ọ́. Ibẹ̀ ló ń gbé òwú lọ. Mo mọ ìdí tí orúkọ náà fi jáde. Mi ò mọ ìdí tí èèyàn fi ṣílẹ̀kùn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ. Mi ò ṣe é.

Ní oṣù kejìlá, mo tẹ ìwé bó ṣe wà. Sunada padà dé, òtútù ti sọ imú rẹ̀ di pupa.

"Olè kékeré ni ọmọ yẹn," ó ní. "Mi ò tíì bọ́ bàtà tó ti gba bàlúùnù bébà tí a máa ń fún àwọn ọmọdé lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ bi mí pé ta ló ń kọ orúkọ àwọn sórí ìwé. Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kọ̀ǹpútà kọ́, màmá òun ni." Ó wò mí. "Ẹ̀yin náà ń jẹ́ Mizushima, àbí?"

"Àwọn Mizushima pọ̀," mo dá a lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo padà lọ sílé náà, mo jókòó sórí ẹní tútù títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sẹ́ni tó jáde sí mi. Sunada wọlé nítorí pé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìwé tó rán èmi wá.

Ní oṣù kìíní, ní òwúrọ̀ tí Sunada gba ìwé tuntun, fóònù dún. Ìyá àgbà Kanamori ni, láti orí òkè. Òun ló yẹ kó wà ní ilé kejìlá.

"Ṣé mo ti kú lọ́dọ̀ yín ni?" ó ní. "Ẹ sọ fún mi kí n lè múra."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Àpótí mi ti ṣófo. Lọ́jọ́ Ajé, àyà mi ń lù kìkìkì, kò sí oògùn, mo ṣubú sí ilé ìdáná. Ọmọ mi ń pè mí láti Osaka, mò ń gbọ́ fóònù, mi ò lè dé ibẹ̀. Ó ti ń sunkún kí aládùúgbò tó wọlé bá mi."

Ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀, tí ìyá kò dáhùn. Mo ní kí Sunada kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kanamori kó tó lọ ibòmíràn. Lẹ́yìn náà mo ya ètò méjèèjì sọ́tọ̀, kálukú pẹ̀lú òwú tirẹ̀. Mo dán an wò. Ilé kejìlá: Kanamori. Orúkọ ọmọ mi kò jáde mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Sunada gbé àpótí kan ka orí tábìlì mi.

"Ìyá Kanamori kí yín, ó ní òun ti jí dìde. Ṣùgbọ́n èyí, ẹnu ilẹ̀kùn Namerikawa ni mo ti rí i. Yìnyín ga dé orúnkún mi, Màmá, kò sí ìkankan lórí àpótí yìí, kò sì sí ipa ẹsẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn títí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló sọ fún un pé mi ò ní wá mọ́?"

Oògùn inú rẹ̀ pé. Bàlúùnù bébà náà wà lórí wọn, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀.

Mo gbé bàlúùnù náà sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán Natsuho nílé. Lójoojúmọ́ ni igun rẹ̀ ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí èémí tèmi dà pọ̀ mọ́ èyí tó wà níbẹ̀.

Lówùúrọ̀ yìí, mo rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí a ṣe ń ṣe sí iwájú orí ọmọ. Ó gbóná.

Mo mú ìwé ìbẹ̀wò kan tí a kò tíì kọ nǹkan sí, mo sì fọwọ́ ara mi kọ ilé kan ṣoṣo sí i. Níbi orúkọ olùbẹ̀wò, mo kọ orúkọ tèmi, Mizushima Fusae. Oògùn ibà ti wà nínú báàgì mi. Ọkọ̀ Namerikawa máa kúrò láìpẹ́, mo ti wọ bàtà. Mi ò ní sọ pé ó di ọ̀la.