Omi Gbígbóná àti Ọwọ́ Kẹ́hìndé

Bí ẹ bá dúró ní àdúgbò Rùkáyyàh ní Igbó-Ọrà, tí ẹ pariwo pé, "Ìyá Ìbejì o!", ó kéré tán, obìnrin méje ló máa dá yín lóhùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi iṣẹ́ Rùkáyyàh kún orúkọ rẹ̀. Ìyá Ìbejì Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìbejì rẹ̀, Táyé àti Kẹ́hìndé, jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta, wọn kì í sì í jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi nínú ilé.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Rùkáyyàh bí Ìdòwú ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀, Màmá Hàlímọ̀, ti dé láti Igangan láti wá máa wẹ ọmọ àti ìyá ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ mọ irú omi tí àwọn màmá wa máa ń fi wẹ ìyá ọlọ́mọ. Bí ẹni tó ń wẹ̀ kò bá tíì ké, wọ́n á ní omi náà kò tíì gbóná.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màmá sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí ààrò ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n da omi tó ń hó yéè sínú ike ìwẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n wá kọjú sí ibi kànga láti lọ fa omi tútù tí wọ́n máa bù sí i. Bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí àwọn náà ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

Àwọn ìbejì náà ní àṣà tiwọn. Ibi tí wọ́n bá ti rí omi nínú ike, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣeré. Kẹ́hìndé dé ibẹ̀ ṣáájú, ó sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú omi náà títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Igbe rẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Igbe Táyé ni. "Ó gbóná! Ó gbóná o!" Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀, ohùn kò jáde. Nígbà tí ohùn náà wá jáde, gbogbo ilé ló sáré.

"Yéè, mo gbé o!" Màmá Hàlímọ̀ ju okùn kànga sílẹ̀. "Ẹ bá mi mú ẹyin wá! Ẹyin adìyẹ! Ẹ mú epo pupa wá kíákíá!"

Rùkáyyàh kò dúró de ẹyin. Ó gbé ọmọ náà, ó di ìró rẹ̀ mú, ó sá jáde sí ojúde. Mùkáílà ọlọ́kadà, tó ń gbé ní ilé tó dojú kọ tiwọn, ń fọ ọ̀kadà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mùkáílà, jọ̀ọ́, gbé wa lọ sí ọsibítù! Omi gbígbóná ti jó Kẹ́hìndé!"

Mùkáílà wo ọwọ́ ọmọ náà. Ó ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gun ọ̀kadà.

"A máa lọ, Ìyá Ìbejì," ó ní. "Àmọ́ a ò tíì lọ báyìí. Ibo ni omi tútù wà?"

Ó gba ọmọ náà, ó gbé e padà sí ẹ̀yìnkùlé, ó rọra bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ náà tó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi kànga sí i díẹ̀díẹ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ wá sí ìka.

Inú bí Màmá Hàlímọ̀. "Ṣé orí ẹ pé ṣá, Mùkáílà? Ọmọ ń jẹ̀rora, ìwọ ń wẹ ọwọ́ fún un! Gbé e lọ, àbí kí n fi ẹyin pa á lára!"

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Iná ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀. Bá a bá gbé e báyìí, á máa jó o lọ lórí ọ̀kadà títí a ó fi dé ibẹ̀ ni. Omi yìí ló máa pa iná náà. Ẹyin ò lè pa á, epo ò lè pa á. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n sọ fún wa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Nọ́ọ̀sì tó wá dá ẹgbẹ́ àwa ọlọ́kadà lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣé ẹ rí sàléńsà ọ̀kadà yìí, gbogbo wa ló ti jó lẹ́sẹ̀. Màmá, ẹ fa omi sí i wá. Ẹ má jẹ́ kó tán. Ìyá Ìbejì, ẹ wo fóònù mi, kẹ́ ẹ máa ka aago fún wa."

Bí Màmá ṣe di ẹni tó ń fa omi nìyẹn. Wọ́n ń fa á, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń bú Mùkáílà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kí n sọ òótọ́, bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀, tí n kò sì mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí, èmi náà ìbá bú u. Ó ṣòro púpọ̀ láti jókòó ti ọmọ tó ń ké kí èèyàn máa wo aago.

Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú méjìlá, igbe Kẹ́hìndé ti di ìsọkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó pé ogún, Rùkáyyàh mú ègé aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n fi bo ọwọ́ náà láì fún un mọ́ra, wọ́n fi aṣọ mìíràn bo ara ọmọ kí òtútù má baà mú un, wọ́n sì gbéra. Màmá dúró ti Táyé àti Ìdòwú.

Ní ibùdó ìlera, Nọ́ọ̀sì Keturah ṣí aṣọ náà, ó wò ó fínnífínní.

"Ta ló da omi sí i?"

Mùkáílà rò pé wàhálà dé. "Èmi ni, Mà. Ẹ forí jì mí, Mà."

"Kí n forí jì ẹ́ kẹ̀? O káre! Ì bá jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jó o lóòótọ́, àmọ́ kò jó o wọnú lọ. Ọwọ́ yìí máa sàn."

Rùkáyyàh jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bú sẹ́kún. Ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún. Dókítà wo ọmọ náà, wọ́n yẹ káàdì àjẹsára rẹ̀ wò bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò inú egbò, wọ́n fún un ní oògùn ìrora. Nọ́ọ̀sì wá di ọwọ́ náà, ó sì di ìka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Hàlímọ̀ ló gbé Kẹ́hìndé lọ fún ìtọ́jú, Táyé sì tẹ̀ lé wọn. Bí Táyé ṣe rí i tí wọ́n ń fi bándéèjì tuntun di ọwọ́ Kẹ́hìndé, ó na ọwọ́ tirẹ̀.

"Tèmi dà?"

"Ẹ di tirẹ̀ náà," ni Màmá wí. "Ìbejì ni wọ́n. Ohun tá a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Màmá, bá a bá ń di ọwọ́ gbogbo ìbejì Igbó-Ọrà tí nǹkan kan ò ṣe, bándéèjì ìjọba ò ní tó. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé máa na ìka rẹ̀, kó máa ká a, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́."

Màmá ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é. Bí Kẹ́hìndé bá ti fẹ́ sunkún, wọ́n á ní kó fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu, wọ́n ń pọ̀n ọ́n kiri, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹwàá, awọ tuntun ti ń bò ó dáadáa, àmọ́ ìka ọmọ náà ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́. Kò fẹ́ nà wọ́n mọ́.

Ojú Nọ́ọ̀sì Keturah yí padà. "Màmá, ẹ ò jẹ́ kó máa nà án."

"Ó ń sunkún ni."

"Mo mọ̀. Àmọ́ bí ọwọ́ yìí bá sàn ní kíká, kíká ló máa wà. Kò ní lè di kálàmù mú. Kò ní lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ bí ìyá rẹ̀."

Màmá Hàlímọ̀ kò lè gbé ojú sókè. "Nọ́ọ̀sì, èmi ni mo fi omi jó ọmọ yìí. Ṣé kí n tún wá jẹ́ ẹni tó ń mú un sunkún láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́? Mi ò lè ṣe é. Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé mò ń padà sí Igangan."

Nọ́ọ̀sì wo Kẹ́hìndé tó fi orí pamọ́ sí àyà Màmá. Ó wo Táyé tó ti gun orí àga, tó ń dán gbogbo nǹkan tó wà lórí tábìlì wò. Ló bá gé bándéèjì kékeré kan.

"Táyé, wá gba tìẹ."

Táyé fò sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún un.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ wá sáyé?"

"Èmi ni!"

"Ta ló ní kó o lọ wò ó bóyá ayé dùn?"

Táyé nawọ́ sí èkejì rẹ̀. Ìtàn yẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wọn.

"Ó dáa. Bá a wo eléyìí náà. Na ìka ẹ, kó o sọ fún un bó ṣe rí."

Táyé na ìka kan. Ó na èkejì. Ó na gbogbo wọn, ó tún ká wọn. Kẹ́hìndé gbé orí kúrò ní àyà Màmá.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" ó bi í.

"Kò dùn mí."

Kẹ́hìndé rò ó. Lẹ́yìn náà, ọmọńdinrín rẹ̀ mì. Ó nà díẹ̀, ó ká padà. Ó dùn ún, ojú rẹ̀ fi hàn, ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ ti ṣe é, òun náà sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó tún nà án. Màmá Hàlímọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Màmá kò padà sí Igangan mọ́. Láti ọjọ́ náà, ilé Ìyá Ìbejì Aránṣọ di ilé eré. Táyé á kọ́kọ́ ṣe é, Kẹ́hìndé á tẹ̀ lé e, Màmá á máa kọrin fún wọn. Nígbà tí egbò náà jinná tán, Màmá gbé ẹ̀gúsí síwájú àwọn méjèèjì, kí wọ́n máa fi ìka ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan sínú abọ́. Ti Kẹ́hìndé ń kún. Ti Táyé kì í kún, nítorí ẹnu ló ń kó o sí. Bàbá wọn, Tàófíìk, máa ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, á sì jókòó tì wọ́n láì tíì wẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ lórí ìlera ni iṣẹ́ tèmi. Oṣù méje lẹ́yìn náà, Nọ́ọ̀sì Keturah pè mí wá sí ìpàdé àwọn aboyún, ó ní àlejò pàtàkì kan máa bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá Hàlímọ̀ ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú Rùkáyyàh àti àwọn ìbejì. Mo di ọwọ́ ọ̀tún ọ̀kan nínú wọn mú, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo gbé e sókè fún gbogbo àwọn aboyún.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe jinná, bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí!"

"Nǹkan kan ò kúkú ṣe é rí," ni Rùkáyyàh wí. "Táyé nìyẹn."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Kẹ́hìndé fẹ́ gba ipò rẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi lójú, ìka márààrún nà gbọọrọ. Ibi tí omi ti jó o kàn pọ́n díẹ̀ ju ara tó kù lọ ni.

Aboyún kan, Jàmílàt, gbé ọwọ́ sókè. "Màmá, ta ló gbé omi náà sílẹ̀ gan-an?"

Rùkáyyàh la ẹnu láti bo ìyá rẹ̀ láṣìírí. Màmá fi ọwọ́ dá a dúró, wọ́n dìde.

"Èmi ni. Ẹ wò mí dáadáa. Ẹ má rò pé aláìbìkítà ló ń fi omi jó ọmọ. Ìyá àgbà tó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn ló gbé omi sílẹ̀, tó ní òun ò ní pẹ́."

Àwọn aboyún náà pàtẹ́wọ́ fún wọn títí. Àwọn kan ń nu ojú.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin màmá àgbà wa, ẹ jẹ́ ká yí àṣà kan yìí padà. Omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sínú ike, kẹ́ ẹ tó bu èyí tó gbóná sí i. Ẹ fi ọwọ́ yín wò ó. Ẹ má fi omi gbígbóná sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láì sí àgbàlagbà nídìí rẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ìkòkò, fúláàsì tíì àti ọbẹ̀ tó ń hó, ẹ gbé wọn sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀, omi tútù tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe yìnyín o. Ẹ bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, àyàfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹyin, epo, oyin, ọṣẹ ìfọyín, ògì, ẹ má fi ọ̀kankan sí i. Bó bá lé, tó gbomi sínú, ẹ má bẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá bó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ojú ara ló jó. Lẹ́yìn náà, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ọmọ máa na ọwọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa nà án, bó tilẹ̀ ń sunkún.

Ẹkún yẹn á tán. Ọwọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni yóò fi lò ó.