Àràbà Tí Moríkẹ́ Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé

Moríkẹ́ nà gbalaja lábẹ́ igi àràbà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò mira. Kọ́lájọ, tó ń gba inú igbó àtijọ́ tó wà láàrin ìlú Igbokoda kọjá sí èbúté, ta gìrì. Ó rò pé ọmọ ọlọ́mọ ti kú.

"Ẹ rọra tẹlẹ̀," ni òkú náà wí. "Ẹ máa lé ọkọ ìyàwó lọ."

Ó nàka sókè. Akọ ẹyẹ àtíòro kan ń ki èso sínú ihò tóóró lára igi. Abo rẹ̀ ti fi ẹrẹ̀ dí ara rẹ̀ mọ́ inú ihò náà pẹ̀lú ẹyin. Ohun tí ọkọ bá gbé wá ló ń jẹ.

"Ọkọ gidi rèé," ni Moríkẹ́ wí.

"Èmi náà mọ ẹja yan."

Ẹ̀rín pa Moríkẹ́, ìfẹ́ sì bá ẹ̀rín wọlé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni Kọ́lájọ, ará Mahintedo tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ń rí nǹkan wá ṣe ní Igbokoda.

Nígbà tó wá tọrọ ìyàwó, inú Bàbá Ògúnlànà, baba Moríkẹ́ tó ń tọ́jú igbó náà, dùn. "Lọ gé àràbà yẹn, kí o fi gbẹ́ ọkọ̀."

Àṣà ilé wọn nìyẹn. Igbó ni àwọn baba ńlá wọn bá níbẹ̀ kí ilé tó dé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ọ̀bọ ibẹ̀, kò gbọdọ̀ ta igi ibẹ̀. Àfi bí ọmọbìnrin ilé bá ń lọ sílé ọkọ, kí àna gé ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n Moríkẹ́ mẹ́fà ti lọ, igi ńlá mẹ́fà sì ti bá wọn lọ. Àràbà yìí nìkan ló kù.

"Bàbá, mi ò fẹ́ kí ìgbéyàwó mi tú ilé ẹlòmíràn ká."

"Láìsí ọkọ̀, kò sí ìyàwó, ọma mi!" Bàbá wọ yàrá lọ.

Moríkẹ́ sunkún títí.

"Nu ojú, ìfẹ́ mi," ni Kọ́lájọ wí. "Kí ni àwọn baba ńlá yín fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe gan-an?"

"Kí ọmọ lè máa rí ọkọ̀ wá kí òbí rẹ̀."

"Ó tán!"

Kọ́lájọ fi pákó tirẹ̀ kan ọkọ̀ ní Mahintedo, ó sì wà á wá sí èbúté. Bàbá fi ìkúùkù gbá ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bọ́ sínú rẹ̀, ó jókòó.

"Igi igbó wa kọ́ nìyí."

"Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n yóò máa gbé ọmọ yín wálé."

Bàbá fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára. Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ọmọ mẹ́fà ni mo gbé igi fún ọkọ wọn. Ọdún á yípo, mi ò ní rí ẹnì kankan nínú wọn. Moríkẹ́ nìkan ló kù mí kù." Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nawọ́ sí Moríkẹ́ tó dúró ní èbúté. "Bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ, ọma mi. Kọ́lájọ, máa wà á lọ sí Mahintedo. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà ilé yín."