Ìhó Tó Sá Wọ Iná

Iná ìwẹ̀ ọmọ tuntun ni Fọlárìn, ẹnjiníà ìlú, ní kí wọ́n pa. Àwẹ̀ró, ìyá àgbà ọmọ náà, wò ó bí ẹni ń wo wèrè.

Ní Àgbéró, ìlú onírin tó léfòó kọjá òṣùpá, àgbá ńlá kan ló ń yí; yíyí rẹ̀ ló ń fún èèyàn àti omi ní ìwúwo. Àgbá náà ti ń dún kíjikíji, dandan ni kí wọ́n dá a dúró tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Ṣìjúadé ọmọ Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìkòkò omi kan ṣoṣo tí ìlú ní, tí iná ìwẹ̀ yẹn wà nídìí rẹ̀, ló sì ń mú yàrá ìkókó móoru.

"Ẹnjiníà, orí ẹ pé ṣá? Ta ló ń pa iná ìwẹ̀ kí ọmọ tó gborúkọ?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Omi ní awọ níbi tó ti yí ìhó ká. Níbi tó tutù, awọ yẹn le; níbi iná, ó rọ̀. Èyí tó le ló ń fa èyí tó rọ̀. Omi ara ìhó á máa ṣàn kúrò nídìí iná, á sì máa ti ìhó fúnra rẹ̀ lọ sídìí iná. Ìwúwo omi ló ń borí ìyẹn, tó ń gbé ìhó gòkè. Tí ìwúwo bá lọ…"

"Ìhó á wá lọ sísàlẹ̀? Mo ti ń se ọṣẹ tà kí wọ́n tó bí bàbá ẹ! Gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò níbí."

"Ìyá Ṣìjúadé, ẹ jẹ́ kó pa á," Baba Ògúndíyà, olórí ìlú, dá sí i. "Ẹ fi aṣọ wé ọmọ."

Wọ́n pa á. Àgbá dúró. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kúrò nílẹ̀. Kò mọ èyí tó jẹ́ òkè mọ́. Ọmọ sín. Ó tún sín. Àwẹ̀ró kò bi ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ìkòkò, ó tan iná, ó ṣí ọmọrí díẹ̀ kí ìhó lè rọ́nà jáde lókè, bó ṣe ń ṣe nídìí ọṣẹ.

Ìkòkò náà ní ojú dígí. Ìhó yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gòkè. Wọ́n ń rọ́ padà sídìí iná bí adìyẹ tó rí àgbàdo, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n para pọ̀ di ọ̀kan ńlá.

"Ẹ gòkè! Kí ló ń ṣe yín?"

Irin ìdí ìkòkò tí omi ò kàn mọ́ pọ́n, ó sì sán. Omi ìlú fọ́n ká afẹ́fẹ́ ní róbótó róbótó.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n ìkókó ò lè gbé inú òtútù yẹn. Ọkọ̀ tó ń padà sáyé gbé òun àti ìyá rẹ̀ lọ. Egungun Àwẹ̀ró ti pẹ́ jù ní Àgbéró, níbi tí ìwúwo kò tó ti ayé. Ìwúwo ayé á fọ́ ọ. Ó dúró.

Nígbà tí àgbá tún yí, ó bu omi sínú ife. Ìhó kékeré kan gòkè wẹ́rẹ́, ó bẹ́.

"Níbo lo wà lọ́jọ́ yẹn?" ó bi í.

Orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ apá ibi tí yóò kọjú sí pè é.