Èémí Tó Wà Nínú Orin Ìkẹyìn

Bàtà ló kọ́kọ́ rí. Bàtà aláwọ̀ ewé kan, gogoro, lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ sítúdíò jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ náà ń sùn. Ó fi ọwọ́ kejì di ìyá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn gíláàsì, ọkùnrin agbohùnsílẹ̀ tó jókòó nídìí ẹ̀rọ gbàgbé ohun tó fẹ́ tẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ bọ́ bàtà?" ó béèrè látinú makirofóònù.

"Kó má baà kọrin ju ìyá mi lọ ni."

Ìyá náà ni gbogbo ayé ń pè ní Agogo. Ilé wo ni ohùn rẹ̀ kò wọ̀ rí? Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbé e mọ́, dókítà sì ti ní kó jáwọ́ nínú orin. Agogo ní òun gbọ́, àmọ́ òun á kọ́kọ́ gbé àwo kan jáde tí òun á fi dágbére fún àwọn olólùfẹ́ òun, lẹ́yìn náà òun á panu mọ́. Ọmọ rẹ̀ ni elégbè rẹ̀, òun náà ló ń dì í lọ́wọ́ mú kó lè dúró.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ sì bá a rìn. Ọkùnrin náà sọ ọmọbìnrin náà ní Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú. Òun náà wo ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí ọkùnrin náà fi ń bo etí ní gbogbo ìgbà, ó sọ ọ́ ní Etí Ehoro. Bí Agogo bá ń sinmi, àwọn méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa mu tíì.

"Etí Ehoro, ṣé o máa ń gbọ́ ohun tí wọn ò sọ fún ọ?"

"Mo gbọ́ ọ lánàá, nígbà tí ò ń sọ fún màmá pé irùngbọ̀n mi wù ọ́."

Ó fi ọwọ́ bojú. "O ò lè pa makirofóònù ni?"

"Ó dùn létí mi, olólùfẹ́. Ọwọ́ mi ò fẹ́ pa á."

Agogo kì í ṣe afọ́jú. Ó pe ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Iṣẹ́ yín yìí ni bàbá ọmọ mi ṣe. Orin ló gbọ́ lẹ́nu mi, kò gbọ́ èmi fúnra mi rí títí ó fi lọ. Ẹ bá mi parí iṣẹ́ mi, kí ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, àmọ́ kò gbà pé ó parí síbẹ̀. Ó pinnu pé òun á ṣe iṣẹ́ náà débi tí ìyá náà fúnra rẹ̀ á fi yọ́. Ó jókòó ti orin tó kẹ́yìn àwo náà, ó ń tún un ṣe, ó ń dán an, títí kò fi sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nígbà tó gbé e sí i fún wọn, Agogo gbé orí sókè. "Ta lẹni yìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kọ́. Ẹni yìí ò mí. Òkú ni kì í mí. Ṣé ẹ ti ń sin mí ni?"

Ọmọ rẹ̀ yíjú sí ọkùnrin náà. "Níbo lo kó èémí ìyá mi sí?"

"Mo gé e dànù, kí orin lè mọ́. Mi ò tọ́jú ti tẹ́lẹ̀." Ojú tì í gidigidi.

Agogo dìde láti tún un kọ, àmọ́ ohùn kò kọjá ìlà kan tó fi há. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú wọ bàtà rẹ̀ nínú sítúdíò níbẹ̀, ó mú ìyá rẹ̀ lọ, ọkùnrin náà sì ń gbọ́ kò-kò-kà bàtà náà títí dé ìta.

Kò sunkún, kò sì sá. Ó wá ibi tó gba ohùn elégbè sí, torí makirofóònù ọmọbìnrin náà wà lọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló sì dúró sí. Ó tẹ́tí. Láàárín ègbè, ó gbọ́ ọ: Agogo ń mí. Ṣùgbọ́n èémí mìíràn wà nínú rẹ̀, ti ọmọ, tó ń bá a mí bí ẹni ń bá ni gbẹ́rù. Wọn kò ṣeé yà. Ó dá wọn padà sáyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ránṣẹ́ pe tìyá-tọmọ.

Bàtà wà lẹ́sẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú nígbà tó wọlé. Orin náà dún. Agogo di ojú.

"Ẹni méjì ló ń mí níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tiyín ló ń ṣáájú, ti ọmọ yín ń tẹ̀ lé e. Àfi ibì kan níparí. Ọmọ yín kò mí níbẹ̀ rárá, ó di èémí tirẹ̀ mú títí ẹ fi rí tiyín mí."

Omi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. "Mo rò pé màmá ò ní mí mọ́ ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Agogo wo ọkùnrin náà pẹ́. "Eléyìí gbọ́ ọ, ọmọ mi," ó ní. "Kì í ṣe orin rẹ ló gbọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwo mi parí." Ó di ògiri mú, ó dìde. "Mò ń lọ jókòó sínú mọ́tò. Ẹ má pẹ́."

Ó ku àwọn méjèèjì.

"Mo ṣì ń bínú."

"Mo mọ̀. Mi ò tún ní gé nǹkan kan dànù mọ́ láyé. Ìbínú rẹ, àròyé rẹ, bó o ṣe ń hanrun, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń hanrun?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú, dá mi lóhùn."

Ọmọbìnrin náà mí sínú, ó di èémí náà mú. Ojú ò kán ọkùnrin náà, ó ń dúró. Nígbà tó ṣe, ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó o lé e lọ́wọ́.

"Bá mi gbé e, Etí Ehoro," ó ní. "Ìyá wa ń dúró."