Páálí Tí Florisa Kó Ìgbéyàwó Rẹ̀ Sí

Bí ẹ bá wọ ilé ìyá àgbà mi ní Kodiak, erékùṣù kan ní Amẹ́ríkà, páálí ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Páálí ńlá ni, ó ga tó ìbàdí àgbàlagbà, ó sì máa ń dúró sí àárín pálọ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Bí a bá ra ọṣẹ, inú rẹ̀ ni. Bí a bá ra kọfí, inú rẹ̀ ni. Ẹran inú agolo, ṣokoléètì, tówẹ́ẹ̀lì, bàtà tí ẹsẹ̀ ọmọ kan ti dàgbà jù, gbogbo rẹ̀ á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún. A ó wá fi téèpù dì í, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e lọ sílé wa ní Philippines.

Gbogbo ará ilé wa tó ń gé ẹja ní etíkun yìí ló ní irú páálí bẹ́ẹ̀. Òórùn rẹ̀ ni mo fi ń rántí ìgbà èwe mi: ọṣẹ àti kọfí, pẹ̀lú òórùn ẹja díẹ̀ tí kì í kúrò lára aṣọ ẹnikẹ́ni.

Inú irú páálí yẹn ni Florisa kó ìgbéyàwó rẹ̀ sí.

Florisa ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa nígbà náà. Bolinao ní Philippines ló ti wá, ó wá fẹ́ Curtis, apẹja kan tí wọ́n bí sí Kodiak níbí. Ìgbéyàwó wọn kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ìjọba fún un ní káàdì ìgbélùú, nítorí náà káàdì ọlọ́dún méjì ni wọ́n fún un. Bí ọdún méjì yẹn bá fẹ́ pé, ó yẹ kí tọkọtaya jọ fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ fún káàdì tí kò ní gbèdéke bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá ṣe é, wọ́n lè dá a padà sílé.

Ṣùgbọ́n Florisa àti Curtis kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí ẹni tó gbá ẹnì kan létí. Òkun ń gba Curtis lọ fún oṣù pípẹ́, ilé náà sì ń tutù díẹ̀díẹ̀ bí ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí tábìlì. Nígbà tó yá, Curtis lọ sí kọ́ọ̀tù fún ìkọ̀sílẹ̀, Florisa sì kó wá sọ́dọ̀ wa.

Ọjọ́ tí a fẹ́ di páálí, ó gbé àpò kan jáde látinú yàrá. Ó mú ìwé fọ́tò ìgbéyàwó wọn jáde, ó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀. Ó mú búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí ìyá Curtis fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún wọn. Ó mú ife méjì tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, káàdì Kérésì tí àwọn ènìyàn fi kí àwọn méjèèjì, àti àwọn lẹ́tà tí Curtis kọ sí i láti ojú òkun kó tó dé ìlú yìí.

"Kí lo ń kó síbẹ̀?" ìyá àgbà mi bi í. Nana Ising ni gbogbo ìlú ń pè é.

"Ẹrù màmá mi ni, Nana."

"Fọ́tò ìgbéyàwó ló di ẹrù màmá rẹ?"

Florisa kò gbójú sókè. "Mi ò fẹ́ kí ojú mi máa rí wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

"Ó dáa, jẹ́ kí wọ́n lọ. Òkun tó gbé ọkọ lọ, ẹ jẹ́ kó kúkú gbé ẹrù rẹ̀ náà." Nana gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó fà á ya. "Ìwé kọ́ọ̀tù yẹn ńkọ́, ṣé o ò tíì fọwọ́ sí i?"

"Mi ò tíì fọwọ́ sí i."

"Má fọwọ́ sí i o. Nílé wa, òfin ò mọ ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ti fọwọ́ sí i, ìyàwó ni títí ayé."

"Ṣé òótọ́ ni, Nana?"

"Mo purọ́ fún ọ rí ni? Ọkọ mi sá lọ sí Manila, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé eyín méjì ti ká lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí ọ̀nà ilé. Ìyàwó rẹ̀ ni mò ń jẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọjọ́ tó dé, mo bu ọbẹ̀ fún un. Kò dúpẹ́ títí tó fi kú."

A rẹ́rìn-ín. Florisa náà rín díẹ̀. A di páálí náà, ó sì lọ.

Àwa tí a ti ilé wá, bí òfin ilé ṣe rí la máa ń rò pé ti ìdálẹ̀ náà rí. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù Kodiak kò dúró de ọwọ́ Florisa. Adájọ́ dúró dúró, kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì tú wọn ká. Nígbà tí ìwé ìdájọ́ dé, Florisa tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìṣí i, bí ẹni pé ohun tí a kò bá kà kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí òjò dídì ń yọ́ ni Curtis wá kan ilẹ̀kùn wa. Ìkòkò iná mànàmáná tí Florisa fi ń se ìrẹsì ló gbé lọ́wọ́.

"O gbàgbé èyí," ó ní.

"Mo fi sílẹ̀ fún ọ ni. O ti mọ ìrẹsì sè."

"Kò rí bíi tìrẹ." Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. "Flo, káàdì rẹ ò ní pẹ́ kú. Mo ti rò ó. Jẹ́ kí n bá ọ fọwọ́ sí ìwé náà. Ká sọ pé a ṣì jọ ń gbé."

"A ò jọ gbé mọ́, Curtis."

"Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá àgbà mi ti gbé kọfí dé. "Jókòó, ọmọ mi. Mo ti sọ pé ọmọ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Florisa, wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ohùn kan jáde láti kíṣìnì. "Idì tó bà sórí agolo ìdọ̀tí ìta yẹn gan-an mọ̀ pé wọn ò jọ gbé mọ́, Nana."

Manang Leticia ni. Manang ni àwa ń pe ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Ọbẹ̀ ẹja kíkan ló wá jẹ lọ́dọ̀ wa, ó gbé abọ́ náà lọ́wọ́ jáde. Ọ́fíìsì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn àjòjì lọ́wọ́, ìjọba sì fún un láṣẹ láti máa ṣojú wọn.

"Leticia, ṣé ọbẹ̀ lo wá jẹ àbí ẹjọ́ lo wá dá?"

"Méjèèjì ni, Nana. Ọbẹ̀ yín kan dáadáa." Ó jókòó ti Florisa. "Curtis, inú rere lo fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ẹ fẹ́ pa fún ìjọba. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ fún ìwọ. Ní ti Florisa, wọ́n lè dá a padà, kó má sì lè wọ ìlú yìí mọ́."

"Manang, nígbà náà ó ti tán fún mi nìyẹn," Florisa ní. "Ọkọ ò sí, káàdì ò ní sí. Kí n kúkú wọ inú páálí tó kàn."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó tán? Ìkọ̀sílẹ̀ kì í pa káàdì rẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kọ́ọ̀tù bá ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká lè dá kọ ìwé náà, kó ní kí wọ́n yọ̀ǹda òun kúrò nínú fífi ọwọ́ ọkọ sí i. Òfin fún ọ láyè. O ò tilẹ̀ ní dúró kí ọdún méjì pé kó o tó fi ránṣẹ́. Ìwé ìdájọ́ kọ́ọ̀tù dà?"

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Ìwé yẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ, ìwọ sì ń sùn lé e lórí."

Nana Ising ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ṣebí kò fọwọ́ sí i?"

"Nana, ọwọ́ adájọ́ ti tó. Bolinao kọ́ nìyí." Ó kọjú sí Florisa. "Gbọ́ mi. Wọn ò ní bi ọ́ bóyá ìgbéyàwó náà pẹ́. Ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé nígbà tó wà láàyè, ṣé òótọ́ ni, àbí torí káàdì lẹ fi ṣe é."

"Òótọ́ ni," Florisa ní. Curtis náà sọ ọ́, ẹnu wọn kò ara wọn.

"Ẹ fi hàn mí. Ìwé ilé tí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà, ìwé owó-orí tí ẹ jọ san, ìyẹn máa wà. Fọ́tò dà? Lẹ́tà dà?"

Ojú gbogbo wa lọ sí àárín pálọ̀, níbi tí páálí tuntun ti ń kún díẹ̀díẹ̀.

Florisa pe ìyá rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Páálí kì í sùn bó bá dé ilé. Ọjọ́ tó dé náà ni àdúgbò máa ń pín in.

"Màmá, ìwé fọ́tò mi dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ó ń fi òjò dídì han àwọn ọmọ rẹ̀."

"Ife ńkọ́?"

"Tíṣà mú ọ̀kan. Ìkejì ni mo fi ń mu kọfí yìí."

"Búláńkẹ́ẹ̀tì?"

"Ta ló ń bo búláńkẹ́ẹ̀tì nínú ooru yìí? Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó lẹ́wà."

"Àwọn lẹ́tà náà?"

"Wọ́n wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ọmọ mi."

Ìyá náà mú agbòòrùn, ó yí àdúgbò ká, ó gba ẹrù ọmọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ onílé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní tíṣà fọ ife náà kó tó dá a padà, ó sì kí Florisa. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Manang Leticia pe àwọn tó mọ tọkọtaya náà jọ sí pálọ̀ wa láti kọ ẹ̀rí wọn sílẹ̀. "Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí," ó ní. "Ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́nu rẹ̀."

Nana Ising ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Curtis jẹun níbí, orí ẹja ni mo gbé fún un. Ó wo ojú ẹja, ojú ẹja wò ó. Ó ní, 'Má bínú,' ó sì jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré ló bá wá."

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì létí èbúté rántí ọjọ́ òtútù tí ibà mú Florisa, tí ọkọ̀ kọ̀ láti dáná, tí Curtis gbé e pọ̀n gba inú yìnyín lọ sí ọsibítù. Ẹlòmíràn rántí bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń dágbére ní èbúté, tí Florisa á máa ju ọwọ́ títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi kéré tó èèrà. Ẹ̀rín ń pa wá, omi sì ń lé lójú wa. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ilé yẹn. Florisa tó ní òun ò fẹ́ rí wọn mọ́ sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ó ń ṣàtúnṣe: "Rárá, Nana, fìlà pupa ló dé lọ́jọ́ yẹn."

Curtis náà kọ tirẹ̀, òótọ́ ni ó sì kọ. Ó kọ ọ́ pé àwọn ti kọ ara àwọn sílẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé òun fẹ́ obìnrin yìí nítorí pé ó máa ń kọrin fún ìrẹsì bó bá ń sè é.

Manang Leticia kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ìdájọ́ kọ́ọ̀tù, ó fi ránṣẹ́ kí káàdì tó kú. Ìjọba fèsì pé àwọn ti gbà á, pé kí Florisa máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ títí àwọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pẹ́. Ẹja dé, ẹja lọ. Wọ́n pè é, wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn bó ṣe rí. Káàdì ọlọ́dún mẹ́wàá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Amẹ́ríkà pẹ̀lú káàdì ọlọ́dún méjì, tí ìgbéyàwó yín sì ti já, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ. Ẹ má sá, ẹ má sì purọ́ pé ẹ ṣì jọ wà. Ìwé kọ́ọ̀tù kì í tì nípa pé ẹ kọ̀ láti fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ ṣí i, ẹ kà á, ẹ dáhùn. Ẹ lè dá bẹ̀bẹ̀ láìsí ọwọ́ ọkọ tàbí ìyàwó. Bí ọjọ́ káàdì bá ti sún mọ́lé tí kọ́ọ̀tù kò sì tíì parí ẹjọ́, ẹ tètè lọ bá lọ́yà tàbí ẹni tí ìjọba fún láṣẹ. Ẹ má dúró de ìdájọ́ títí ọjọ́ yóò fi kọjá lórí yín. Ẹni tí wọ́n ń lù tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé, ọ̀nà wà fún un láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ fetí sí àwọn àgbà, mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n lórí òfin ìlú yìí, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ sì tọ́jú ohun tó fi hàn pé ẹ fẹ́ra yín rí, bó ti wù kó máa dùn yín tó. Ìgbéyàwó lè kú, ẹ má sin ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí káàdì dé ni páálí kan wọlé wa. Láti Bolinao ló ti wá. Láyé mi, n kò rí páálí tó gba ọ̀nà ibẹ̀ wá síbí rí. Nana Ising rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kí a gé téèpù rẹ̀. Ìwé fọ́tò wà níbẹ̀, ife, lẹ́tà, àti máńgò gbígbẹ tí wọ́n fi dí gbogbo àyè tó ṣófo. Florisa fa búláńkẹ́ẹ̀tì jáde, ó gbé e sí imú. Òórùn ilé ìyá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀.

Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi bora.