Màlúù Verlin Nínú Ọkà Bàbà Orrin

Ọdún kejì rèé tí ọ̀dá ti mú ìwọ̀-oòrùn Òkìláhómà. Koríko ti jóná mọ́lẹ̀, adágún tí màlúù ti ń mu omi ti gbẹ, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ti sán. Verlin Stuckey, ọlọ́sìn màlúù tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìjà, ń bú Ọlọ́run láràárọ̀ bí ẹni ń kí aládùúgbò.

Màlúù méjìdínlógójì ló ṣẹ́ kù fún un. Bí ìyẹn bá lọ, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ náà lọ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin tó ń sọ ìròyìn ojú ọjọ́ lórí rédíò tún ní kò sí òjò lọ́sẹ̀ náà. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ dúró gbọ́ ìkìlọ̀ kan. Verlin kò dúró. Ó gbé òòlù, ó fọ́ rédíò náà wómúwómú lórí tábìlì, ó sì da màlúù rẹ̀ lọ sí ìdí wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà sí ààlà ilẹ̀ rẹ̀.

Lódìkejì wáyà ni oko ọkà bàbà Orrin Dace wà. Wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni, ṣùgbọ́n Orrin ti gba Jésù láti ọdún mẹ́wàá. Ọ̀dá kò jẹ́ kí ọkà náà dàgbà, àmọ́ òjò díẹ̀ ta sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti rúwé tuntun, ó tutù yọ̀yọ̀. Orrin kò jẹ́ kí màlúù tirẹ̀ pàápàá débẹ̀. Wọ́n ń ké fún ebi lọ́ọ̀ọ́kán. Ó yẹ kí ìyẹn ta Verlin lólobó. Ìwà ahun nìkan ló rí. Ó gé wáyà.

Orrin sáré dé, ó ń mí hẹlẹ.

"Verlin, má jẹ́ kí wọ́n wọlé. Májèlé máa ń wà nínú ewé tuntun tí ọkà bàbà bá rú lẹ́yìn ọ̀dá. O ò gbọ́ rédíò ni?"

"Brọ́dà Ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ewé lásán lo ṣe ń purọ́? Kúrò lọ́nà mi."

Orrin na ọwọ́ méjèèjì dí ojú ihò náà. Verlin fi irin tó fi gé wáyà gbá a lẹ́nu, eyín méjì já bọ́. Nígbà tó ṣubú, Verlin ń fi bàtà ta á nípàá níhà títí kò fi lè ké mọ́. Àwọn màlúù sì rọ́ wọlé.

Kò pẹ́ rárá. Èyí àkọ́kọ́ ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ó ṣubú, ìfófó bo ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Èkejì wó lé e lórí. Verlin sáré wọ àárín wọn, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù wọ́n kí wọ́n jáde, ó ń sunkún kíkan, ṣùgbọ́n ebi kò jẹ́ kí wọ́n gbórí.

Ìgbà náà ló gbọ́ fèrè ọkọ̀. Kò sí màlúù tí kò mọ̀ ládùúgbò náà pé fèrè ọkọ̀ ni ìpè oúnjẹ. Orrin ti wọ́ ara rẹ̀ dé inú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i láyà. Ó fọn fèrè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti koríko gbígbẹ tó kù fún màlúù tirẹ̀ sílẹ̀ níta wáyà, ó tún padà lọ fọn ọ́n. Àwọn màlúù gbórí, wọ́n tẹ̀ lé fèrè. Mọ́kàndínlógún jáde. Mọ́kàndínlógún kú.

Verlin kò lè wo ojú Orrin. Ó béèrè ohun tó mú un ṣe irú èyí fún òun.

Orrin tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Àwọn tó kan Jésù mọ́gi gan-an ni Jésù bẹ Bàbá rẹ̀ pé kí ó dárí jì, Verlin. Mo wà nínú wọn. Ìwọ náà wà nínú wọn."

Verlin kúnlẹ̀ láàárín òkú màlúù. "Olúwa, díẹ̀ ló kù kí n pààyàn lónìí. Ṣàánú mi."

Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Verlin tó gbé Orrin lọ sí ọsibítù kì í ṣe Verlin tó gé wáyà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ló ti kìlọ̀ fún ọ tí o pa á lẹ́nu mọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lójú ẹni tí ebi ń pa. Má sọ pé o ṣì wà lórí ìdúró; àwọn màlúù tó kú yẹn náà wà lórí ìdúró nígbà tí wọ́n ń jẹ ewé náà. Jésù tí a lù nítorí rẹ ń pè ọ́ báyìí. Jáde lónìí. Màlúù tó ní kí òun jẹ ẹnu kan sí i ná, inú ọkà yẹn ló kú sí.